Ẹlẹ́rìí Imú Àrínọlá

"Yọ ti àyálò yẹn, kó o gbé e sínú abọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, wí láì gbé ojú kúrò lórí ìwé rẹ̀.

Àrínọlá fi àtàǹpàkò ti etí ojú àyálò náà, ìbòjú tí ilé ìwòsàn yá a, níbi tí òòfà ìsàlẹ̀ wà, ó yí i díẹ̀ kó tó wá fà á. Bí èèyàn bá fà á láì yí i, òpó irin tó wọnú egungun a máa dunni dé ìpàkọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń lo ojú náà, ó sì ti mọ bí nǹkan rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Òòfà mẹ́ta ló dì í mú: ọ̀kan lábẹ́ ibi tí ẹyinjú òsì wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú, ọ̀kan lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún un, ti ẹ̀gbẹ́ imú kò lágbára. Bó bá sín báyìí, ojú á ṣí kúrò lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló tú rédíò kan tó ti kú ní àgbàlá ilé ìwòsàn, tó yọ òòfà pẹlẹbẹ inú rẹ̀, tó sì fi rọ́pò èyí tó rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn mú ojú náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló fọwọ́ kan òòfà yìí?"

Àrínọlá ti fi òwú dí ihò àárín ojú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gba ibẹ̀ jáde bó bá ń sọ̀rọ̀. "Èmi ni, sà."

"Ó dára ju tiwa lọ." Ó jù ú sínú omi oníyọ̀. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹni mọ́kànlá ló ti lò ó ṣáájú rẹ, kò sẹ́ni tó tún un ṣe."

Gbogbo ẹni tó ń dúró de ojú tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà ló ń gbé irú ojú àyálò kan náà kiri, aláwọ̀ ilẹ̀, imú pẹlẹbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Obìnrin kan ti dì mọ́ Àrínọlá rí lẹ́nu ọ̀nà ibi oúnjẹ, tó ń sunkún, tó ń pè é ní Bàbá Ṣẹ̀yẹ, kó tó fura pé ẹni tóun dì mọ́ wọ yẹtí. Oníbodè pàápàá kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Oníbodè ni àwọn ará ìlú Odò-Ẹ̀rọ ń pe ẹ̀rọ olójú kan tí wọ́n kàn mọ́ òkè gbogbo ìlẹ̀kùn. Bó bá ti rí ojú àyálò, yóò pe "aláìsàn", yóò sì ṣí ìlẹ̀kùn àgbàlá, ti ibi oúnjẹ àti ti ilé ìwẹ̀. Ìlẹ̀kùn ọjà kò ní ṣí. Ti ibùdókọ̀ kò ní ṣí. Ibodè ńlá tó já sí ọ̀nà Ìrọ̀mì, níbi tí ilé Àrínọlá wà, kò tilẹ̀ ní dá a lóhùn.

Ọmọ́yẹni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó sórí àga kejì. Ọjọ́ méjì ló fi wà lọ́nà láti Ìrọ̀mì, eruku ọ̀nà sì wà ní gbogbo ìṣẹ́po gèlè rẹ̀. Láti ọjọ́ tí bátìrì ńlá ti bú gbàù mọ́ Àrínọlá lójú nínú ilé ẹ̀rọ omi, òní ni yóò kọ́kọ́ rí ojú náà láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó wò ó láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kò gbójú kúrò.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ọkọ mi," ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn gbé orí sókè. "Ọkọ kẹ̀? Obìnrin mà ni."

"Ọkọ mi náà ni wọ́n. Ìdílé ọkọ mi ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti wà nínú ilé kí n tó dé."

"Ẹ sì jù ú lọ dáadáa."

"Mo jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n jù mí lọ nínú ilé."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn wo Àrínọlá bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ ìlú ni. Ó jọ pé ó tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bá a sọ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ó tọ́ka sí pátákó ara ògiri tí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà sí: A KÌ Í GBA ÀWÒRÁN. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀, àwòrán tí àwọn èèyàn gbé wá kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Látìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ya àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀, òfin ò fi àwòrán ṣe ẹ̀rí mọ́. Ẹnu ẹni tó mọ ojú náà fún ọdún mẹ́wàá la ń gbà. A kì í gba ẹbí ẹlẹ́jẹ̀ kan náà, torí ojú ara wọn ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ̀yin nìkan ni ìwé yìí rí ní gbogbo Ìrọ̀mì tó lè ṣe é. Bí ẹ bá ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rọ á ṣe máa mọ ọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni rọ́bà fi ń dì. Kó tó dì, ẹlẹ́rìí lè tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe bó bá ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà la ó bi olójú bóyá ojú rẹ̀ nìyẹn. Bó bá tẹ àtàǹpàkò, ó parí, ọdún mẹ́wàá la ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí olójú bá sọ pé rárá, yálà kó tó dì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ẹlẹ́rìí purọ́. Ọdún mẹ́ta ni oníbodè kankan ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹlẹ́rìí èké ní Odò-Ẹ̀rọ."

"Títí kan ibodè tí mo gbà wọlé?" ni Ọmọ́yẹni bi í.

"Títí kan ibẹ̀. Ẹ ó wà níhìn-ín pẹ̀lú wa."

Ọmọ́yẹni ní ọmọ mẹ́ta nílé, àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó tún ìró rẹ̀ dì. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ pe orúkọ ẹni tí ẹ ń jẹ́rìí fún," ni Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn wí.

"Awẹ́lẹ́wà ni."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́."

"Ẹnu mi kò lè pe ọkọ mi lórúkọ, sà. Ẹ má bínú."

Àrínọlá pe orúkọ ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ, Ọmọ́yẹni sì ní, "Àwọn nìyẹn." Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn mí kanlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ amọjú náà dà bí àwo ìfọwọ́ ńlá tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Rọ́bà lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wà lójú rẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Lábẹ́ rọ́bà náà ni irínwó abẹ́rẹ́ irin to sí ní ẹsẹẹsẹ. Ibi tí wọ́n bá ti rọ́bà dé lókè ló di òkè, ibi tí wọ́n bá fà sẹ́yìn ló di kòtò. Àrínọlá tẹ̀ síwájú kó lè rí wọn láti ẹ̀gbẹ́. Mọ́tò kéékèèké ló ń ti abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọn ò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Irínwó mọ́tò, kò sì sí èyí tó ń pariwo. Bó bá ṣe pé ó láṣẹ, ì bá tú u wò.

Etí àwo náà ni ìlà iná pupa kan wà tó ń ka ìṣẹ́jú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.

Ẹ̀rọ náà ti wo ìdajì ojú tó ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún, ó ti mú àwọ̀ rẹ̀ àti ihò ara rẹ̀. Ó ní kí ẹlẹ́rìí sọ ti òsì.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún," ni Ọmọ́yẹni bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò wú o. Kún ni mo wí. Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀. Àmì dúdú kan wà lábẹ́ ojú, ó tó ẹyọ ọkà bàbà kan. Ẹ gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òsì ló ń kọ́kọ́ rìn, torí náà ìlà tó ti imú wá sí ẹnu jìn ju ti ọ̀tún lọ."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni abẹ́rẹ́ ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Àrínọlá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń yọ bọ̀ láti inú rọ́bà, tòun ti àmì, tòun ti ìlà. Gbogbo rẹ̀ péye. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òsì ló ń kọ́kọ́ rìn bóun bá rẹ́rìn-ín.

"Imú," ni ẹ̀rọ wí.

Ọmọ́yẹni gbójú kúrò lára Àrínọlá. "Imú wọn gún régé," ló wí. "Tààrà ló sọ̀kalẹ̀. Ihò méjèèjì dọ́gba."

Abẹ́rẹ́ gbéra láàárín ojú, wọ́n ti rọ́bà sókè, imú kan sì yọ. Ó gún régé lóòótọ́. Àrínọlá kò mọ imú náà rí.

Imú tirẹ̀ wọ́ sí òsì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Gegele kan wà lórí rẹ̀, ihò ọ̀tún há débi pé òsì nìkan ló fi ń mí bí ọ̀fìnkìn bá mú un. Èèyàn méjì péré ló mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú yàrá yìí. Ọdún tí Ọmọ́yẹni wọlé ọkọ, oṣù kejì ni, ó ń fa omi ní páǹpù ẹ̀yìn ilé. Ó ti tẹ ọwọ́ páǹpù náà mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan pè é láti inú ilé, ó sì jù ú sílẹ̀. Irin náà ta sókè, ó gbá imú Àrínọlá, ọmọdébìnrin tó tẹ̀ síwájú tó ń wo ibi tí omi ń gbà. Ìyàwó tuntun sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ yọ̀ ṣubú lórí òkúta. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun yọ̀ ni. Àánú ìyàwó náà ṣe é, ó sì tún ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gbọ́ pé páǹpù ló ṣe é, wọn kò ní jẹ́ kóun súnmọ́ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ọmọ́yẹni bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Awẹ́lẹ́wà.

Ìlà iná ti kúrú dé ìdajì.

Àrínọlá rò ó bó ṣe máa ń ro ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, láti ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. Bóun bá sọ pé rárá, ìyàwó wọn kò ní padà rí àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Bóun bá tẹ àtàǹpàkò, ibodè ńlá á ṣí lónìí, kò sì sí ẹni tó lè mú wọn, torí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀. Imú gígún á tilẹ̀ jẹ́ kí awò ojú jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ni yóò máa yọ ọ́ lálaalẹ́, tí yóò máa fi omi oníyọ̀ fọ òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láràárọ̀, tí yóò máa gbé e padà lé egungun ara òun. Ọdún mẹ́wàá. Ó fẹ́ kí ohun tóun ń fọ̀ jẹ́ tòun.

Ọ̀nà kan ló kù: kí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Òun kò sì gbọ́dọ̀ wí fún un.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ẹ rántí páǹpù ọlọ́wọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, kí wọ́n tó gbé ti sólà dé?"

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn gbé ìka sókè. "Ṣé ọ̀rọ̀ ojú rẹ lo fẹ́ sọ ni? Torí bó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀rọ ń gbọ́ o."

"Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ ilé ni mò ń bá ìyàwó wa sọ. Ṣé òfin kọ̀ ọ́?"

Ó wo Àrínọlá pẹ́. Ó wo imú tó wà lójú àwo. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Òfin ò kọ ọ̀rọ̀ ilé."

"Ó ti pẹ́," ni Ọmọ́yẹni wí, kò wo ẹnì kankan. "Ta ló tún ń rántí páǹpù?"

"Èmi ni. Mo tú u ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí bátìrì bú. Mo fẹ́ lo irin rẹ̀. N kò ráyè sọ ohun tí mo rí fún yín."

"Kí lẹ rí?"

"Ó yẹ kí irin ìdènà kan wà nídìí ọwọ́ páǹpù. Òun ni kì í jẹ́ kó ta sókè béèyàn bá fi í sílẹ̀. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Wọn ò fi irin náà sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ ló máa ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Ì bá jẹ́ ìyá wa, ì bá jẹ́ èmi, bákan náà ni."

Ọmọ́yẹni mú etí ìró rẹ̀, ó ká a, ó tún tú u. Ẹ̀rọ náà dúró. Ìlà iná kò dúró.

"Ẹ dẹ̀ mọ̀ látìgbà yẹn," ló wí níkẹyìn, "ẹ wá jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ ọjọ́ méjì wá síbí, ẹ ò sọ."

"Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni."

"Mo gbàgbé?" Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Ọkọ mi, ẹ ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ẹlẹ́rìí ló máa sọ ojú yín, mo ní Ọlọ́run ti dá ti ọdún yẹn padà fún mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní imú yín padà bẹ́ ẹ ṣe ní i tẹ́lẹ̀."

"Ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀," ni ẹ̀rọ wí. "Ṣé àtúnṣe ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn ń wo ìlà iná. Àrínọlá gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó tẹ ètè pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù. Kò ní pẹ́ tí rọ́bà náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í le ní etí. Ó ti rí i nínú àwọ̀ rẹ̀ pé ó ń dán.

"Àtúnṣe ni," ni Ọmọ́yẹni wí. Ó dìde dúró. "Imú náà kò gún. Ó wọ́ sí òsì. Èmi ni mo fi irin páǹpù ṣẹ́ ẹ, mo sì parọ́ pé wọ́n ṣubú."

"Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn," ni Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn rọra wí, "ẹ̀rọ ò béèrè rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún fà sẹ́yìn, ti òsì tì í sókè, imú gígún náà sì wọ́.

"Ó ti pọ̀ jù," ni Ọmọ́yẹni wí. Ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rọ́bà. "Dá a padà. Díẹ̀. Mo ní díẹ̀! Ẹ̀n-ẹ́n. Òkè rẹ̀ ni kó ti wọ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí. Gegele wà níbí, bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, wọn ò tíì bó o. Ó ga jù. Sọ̀kalẹ̀. Sọ̀kalẹ̀, mo ní."

"Ìwọ̀n?" ni ẹ̀rọ bi í.

"Ìwọ̀n wo? Mò ń wò ó."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn bo ẹnu. "Kò tíì sẹ́ni tó bá a jà rí," ló sọ fún Àrínọlá wẹ́rẹ́.

"Ihò ọ̀tún kéré sí ti òsì. Kéré sí i. Má dí i pa! Èèyàn ló máa fi mí. Bẹ́ẹ̀. Wàyí o, ẹ̀gbẹ́ òsì, lábẹ́ gegele, ibì kan tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Ó tó orí èékánná ọmọdé. Oòrùn máa ń mú un bí wọ́n bá dojú kọ ìwọ̀ oòrùn."

Àrínọlá wo ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń fà sẹ́yìn. Kò sí ibi pẹrẹsẹ kankan lára imú òun, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n ó tún rò ó. Iwájú ojú nìkan ló máa ń rí nínú dígí. Ẹ̀gbẹ́ òsì imú rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tóun bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ tóun ń nu irinṣẹ́, òun kò rí i rí. Ibi tí Ọmọ́yẹni ti ń dáná ni èèyàn ti lè rí i dáadáa.

Iná pupa kú. Ohun kan ró tíì nínú àwo náà, gbogbo abẹ́rẹ́ sì fà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú náà dá dúró fúnra rẹ̀.

Ọmọ́yẹni ṣì na ìka. "Ó ku bí irun orí kan," ló wí. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó.

"Olójú," ni ẹ̀rọ wí, "ṣé ojú yín nìyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn yí àwo náà kí Àrínọlá lè rí i láti ẹ̀gbẹ́. Ibi pẹrẹsẹ náà wà níbẹ̀, kékeré, iná òrùlé sì mú un.

"Ìyàwó wa," ni Àrínọlá wí, "ibí yìí, ṣé ẹ rí i dáadáa?"

"Ọdún méjìlélógún," ni Ọmọ́yẹni dá a lóhùn. "Lójoojúmọ́."

Àrínọlá tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn.